Ọwọ́ Mi Le Tẹ́lẹ̀, Olúwa Ti Mú Un Rọ̀: Ẹ̀rí Onídìrí Kan ní Ṣàngó Toll Gate

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Èmi kò fẹ́ jẹ́ ọlọ́ṣà. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n jẹ́ ẹ̀rí yìí, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n dìde. Orí ni ọ̀rọ̀ náà dá lé, ọ̀rọ̀ orí obìnrin kì í sì í ṣe ohun tí a ń sọ láàárín ọjà. Lónìí, mo ti tú gèlè.

Iṣẹ́ onídìrí ni mo ń ṣe ní Ṣàngó, ní Toll Gate, níbi tí ọkọ̀ tó ń ti Alákukọ bọ̀ ti ń já èrò kó tó kọrí sí abẹ́ bíríìjì. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé wọn kì í gba owó ibodè níbẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2004, nígbà tí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tí oko rẹ̀ wà ní Ọ̀tà níbí ń ṣe ààrẹ, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ṣíwọ́ gbígba owó lójú títì wọn. Ibodè lọ, orúkọ kù. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé èmi náà ń gba owó ibodè níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ìjọba ti ṣíwọ́. Orí àwọn obìnrin ni mo ti ń gbà á. Ìrora ni wọ́n ń san kí n tó jẹ́ kí wọ́n rẹwà kọjá.

Ọdún 2003 ni mo wọṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo sì ṣe fúríìdọ̀mù ní 2006. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé irun tí kò bá mú láti ìdí, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ̀gá mi náà. Mo kọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n débi pé àwọn oníbàárà ń pè mí ní Àǹtí Ọlọ́wọ́ Líle. Mo kà á sí oríkì. Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ọ̀tà. Àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ alẹ́, àwọn kan ń dé fìlà iṣẹ́ lé irun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọn ò ráyè wá sí ṣọ́ọ̀bù lemọ́lemọ́, owó oṣù kò sì gbà á. Ohun tí wọ́n máa ń bẹ̀ mí fún ni pé, "Àǹtí, ẹ fà á dáadáa o, kó má tètè rú."

Màá fà á. Màá kó irun wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ etí, èyí tó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun, màá fi ìpara lẹ̀ ẹ́ pọ̀, màá sì so àtáṣímẹ́ǹtì tó wúwo mọ́ ọn. Bí awọ iwájú orí bá fà débi pé ojú oníbàárà ń ṣẹ́ sókè, a ó ní iṣẹ́ ti dáa. Bó bá ń lọ sílé, a ó ní kó lo Panadol, kó dojú bolẹ̀ sùn. Bí ìrorẹ́ wẹ́wẹ́ bá yọ sí etí irun rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, a ó ní irun tuntun ni, yóò lọ. Bó bá di Oṣù Kejìlá, tí èrò àpéjọ ìjọ tí wọ́n ń pè ní Ṣílò ń wọ Canaanland lójú ọ̀nà Ìdíìrókò, tí àwọn ọmọléèwé ń múra Kérésì, èmi àti àwọn ọmọṣẹ́ mi kì í ráyè jẹun. Gbogbo orí wọ̀nyẹn ni mo fà. Ọlọ́run dárí jì mí, n kò mọ̀.

Orí tèmi gan-an ni mo kọ́kọ́ bà jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà ni mo ń fi rílásà sí i, màá di àtáṣímẹ́ǹtì lé e láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, bí mo bá sì tú u, weave-on ló kàn. Irun mi kò sinmi rí. Ní ọdún 2014, mo rí i pé iwájú orí mi ń fẹ̀. Mo rò pé àgbà ló ń dé. Nígbà tó fi máa di 2016, irun ti re láti ẹ̀gbẹ́ etí kan dé èkejì, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Ohun tó kù kò ju ìlà irun tín-ín-rín kan lọ níwájú pátápátá, bí ọgbà tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí oko inú rẹ̀ ti jóná.

Mo bò ó. Mo ra wíìgì oní-frontal, èyí tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ẹ mọ bí oòrùn ọ̀sán ṣe ń rí ní Toll Gate. Òógùn á yọ́ gọ́ọ̀mù náà, màá tún fi òmíràn lé e. Bí mo bá fẹ́ ṣí i, awọ orí á bá a wá. Ọkọ mi kò rí orí mi ní ṣíṣí fún ọdún mẹ́ta gbáko. Mo máa ń dúró kí ó pa iná kí n tó wọlé sùn, ìborùn ni mo sì ń wé sùn. Nínú ìsìn, bí ìránṣẹ́ Ọlọ́run bá ní kí oníkálukú gbé ọwọ́ lé orí ara rẹ̀ kó gbàdúrà, èmi á gbé ọwọ́ mi sókè díẹ̀ kó má kan orí, kí wíìgì má baà yẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Yorùbá, tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé orí ẹni ni ọ̀rẹ́ ẹni: n kò lè fọwọ́ kan orí mi gbàdúrà fún un.

Mo wá ìwòsàn káàkiri. Ẹnì kan po òróró fún mi, ata wà nínú rẹ̀, ó ta mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹlòmíràn ta ìpara kan fún mi tí kò ní orúkọ lára, ó bó mi lórí. Ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní aríran ní ìyá ọkọ mi ló ń fi irun mi ṣe nǹkan. Ó gba owó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé mi ká, nítorí odidi ọdún kan ni n kò fi jẹ oúnjẹ tí màmá bá fọwọ́ kàn. Mo ti kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ti gbà á. Ibì kan tún wà ní Èkó tí wọ́n ní àwọn ń hú irun ìpàkọ́ gbìn síwájú orí. Wọ́n ní kí n san àsansílẹ̀ tó ju owó ṣọ́ọ̀bù mi ọdún méjì lọ. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣí orí kí òun wò ó kí wọ́n tó dárúkọ owó.

Ní ọdún 2019, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi kí n di irun iléèwé fún un. Mo ń fa irun náà bí mo ti ń fà á fún gbogbo ènìyàn. Kò sunkún. Ó kàn bi mí wẹ́rẹ́ pé, "Màámi, tí irun tèmi náà bá tán, ṣé ẹ ó ra wíìgì fún mi?"

Ara mi bù máṣọ. Ọmọ náà ti rí mi níbi tí mo ti ń wẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo tẹ orí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, mo wo etí irun rẹ̀, mo rí ìrorẹ́ tó tò síbẹ̀ bí ọkà bàbà. Mo tú gbogbo irun náà lójú ẹsẹ̀. Mo sunkún débi pé òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọlọ́run rán ẹnì kan sí mi. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá fọ irun. Ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ, ó wá rọra sọ pé, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Mo ń gbọ́ òórùn egbò lórí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí wíìgì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo ṣí i fún. Kò pariwo, kò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Èyí ní ìtọ́jú. Dókítà awọ ara ni kẹ́ ẹ lọ rí." Ó kọ orúkọ ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìkẹjà sínú ìwé fún mi. Ọlọ́run yóò san án fún un, èmi kò lè san án tán.

Obìnrin ni dókítà tí mo bá níbẹ̀. Wọ́n gbé awò kékeré kan tó ní iná lé orí mi, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ láti ibì kan dé ibì kan. Wọ́n wá bi mí ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: "Ọmọ ọdún mélòó lẹ wà tí irun tí wọ́n dì fún yín kọ́kọ́ dùn yín débi pé ẹ ò lè sùn?" N kò lè dáhùn. N kò rántí ìgbà tí kì í rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní kì í ṣe àfiṣe, fífà ni. Wọ́n ṣàlàyé pé inú ihò tirẹ̀ ni irun kọ̀ọ̀kan ti ń yọ, gbòǹgbò rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bí a bá ń fà á lójoojúmọ́, ibẹ̀ á wú, irun á sì máa re. Ẹni tó bá tètè ṣíwọ́, irun rẹ̀ á padà hù. Ẹni tó bá ń bá a lọ fún ọdún púpọ̀, àpá á dí ihò náà, awọ ibẹ̀ á máa dán, kò sì ní hù mọ́. Rílásà ń sọ irun di aláìlágbára, àtáṣímẹ́ǹtì tó wúwo á wá já a. Wọ́n ní kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan: láti ọdún 1907 ni wọ́n ti kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ nípa àwọn obìnrin Greenland, ilẹ̀ yìnyín lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń so irun wọn pinpin sí òkè orí. Wọ́n sọ fún mi nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Cape Town, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007. Nínú obìnrin mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n yẹ orí wọn wò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ni fífà ti ba irun rẹ̀ jẹ́.

Bí mo ṣe gbọ́ ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn oníbàárà mi lọ́kàn: ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Mo rí ojú wọn.

Dókítà wá sọ òtítọ́ kan fún mi tí mo ń dúpẹ́ rẹ̀ títí dòní. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ orí mi méjèèjì, wọ́n ní, "Ibí yìí ṣì ní ihò. Yóò hù." Wọ́n fọwọ́ kan iwájú, wọ́n ní, "Ìwọ̀n ìka méjì níbí ti dí. Mi ò ní tàn yín." Mo béèrè nípa irun gbígbìn. Wọ́n ní iṣẹ́ ìṣègùn gidi ni, dókítà ará Japan kan ti kọ̀wé lórí rẹ̀ láti 1939, àwọn dókítà kan sì ń ṣe é ní Èkó náà. Ṣùgbọ́n irun kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa lórí àpá, ẹni tí kò bá sì jáwọ́ nínú fífà, yóò tún fa èyí tí wọ́n gbìn tu. Wọ́n fún mi ní oògùn egbò. Wọ́n fún mi ní minoxidil, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ríru kí wọ́n tó rí i pé ó ń mú irun hù, wọ́n sì kọ́ mi bí màá ṣe máa kán an. Kò sí gọ́ọ̀mù mọ́, kò sí rílásà, kò sí dídì.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní kí ọkọ mi má pa iná. Mo tú ìborùn. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ìdí tó o fi ń sá fún mi nìyí? Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wá ohun tí mo fi ṣẹ̀ ọ́." Ẹ̀yin ará, wíìgì tí mo rò pé ó ń bo ìtìjú mi, ọkọ mi ló ń jẹ níyà.

Irun ènìyàn kì í hù ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ lóṣù. Mo dúró. Ní oṣù karùn-ún, ọmọ mi yẹn kan náà ló kọ́kọ́ rí i. Ó pariwo pé, "Màámi, ó ń hù o!" Nígbà tó fi pé ọdún kan ààbọ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti kún. Iwájú tó jẹ́ ìka méjì yẹn kò hù. Ẹ̀rí kò gbọdọ̀ ní irọ́ nínú, nítorí náà mo sọ ọ́ ketekete: kò tíì hù títí dòní, n kò sì retí pé yóò hù. Síbẹ̀ Olúwa dá mi nídè. Ó dá mi nídè lọ́wọ́ egbò, lọ́wọ́ irọ́ aríran, lọ́wọ́ òkùnkùn tí mo sọ yàrá mi dà. Èyí tó tóbi jù ni pé ó gba ọwọ́ mi lọ́wọ́ mi, ó sì dá a padà fún mi ní rírọ̀.

Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn wà ní títì pa, mo lọ bá ọmọbìnrin kan tí mo lè bí, kó kọ́ mi ní wíìgì tí kì í lo gọ́ọ̀mù. Ó kọ́ mi láti fi tẹ́ẹ̀pù wọn orí: yíká rẹ̀, iwájú dé ìpàkọ́, etí dé etí. Ó kọ́ mi láti rán nẹ́ẹ̀tì mọ́ aṣọ tó rọ̀ tí kò ní ha egbò, láti fi abẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lórí fa irun sí iwájú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó lè dà bí ohun tó hù níbẹ̀, àti láti fi rọ́bà sí ìpàkọ́ rẹ̀ kó dúró láìlẹ̀ mọ́ awọ. Iṣẹ́ sùúrù ni. Orí kan lè gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ibi tí púpọ̀ nínú irun ènìyàn tí à ń rà ti ń wá. Ní Tirumala, ní ìhà gúúsù Íńdíà, àwọn olùjọ́sìn ń fá orí wọn láti dúpẹ́ lọ́wọ́ òrìṣà wọn. Tẹ́ńpìlì náà á ta irun ọ̀hún fún oníṣòwò tó bá dá owó tó pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú irun tí àwọn oníṣòwò ń kó kiri ayé ló ń gba Xuchang ní Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́jọ̀, kó tó dé ọjà Balógun, kó tó dé ọ̀dọ̀ mi ní Toll Gate. Ẹ̀sìn mi yàtọ̀ sí tiwọn. Síbẹ̀, bí mo bá mú irun náà lọ́wọ́, mo máa ń rántí pé ọpẹ́ ẹnì kan ni mo mú dání, n kì í sì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Oníbàárà wíìgì mi àkọ́kọ́ jẹ́ tíṣà kan, ará Ọ̀tà níbí, tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá jà. Wọ́n ń gba oògùn ní ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní LUTH, Ìdí-Àràbà, lọ́dún 2019. Nọ́ọ̀sì tó ràn mí lọ́wọ́ ló darí wọn wá. Irun wọn kò tíì re nígbà tí wọ́n dé, ìgbà yẹn gan-an ló sì dára kí a wọn orí, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí oògùn yẹn bá bẹ̀rẹ̀ ni irun sábà máa ń re. Nígbà tó re, wọ́n gbé wíìgì náà dé lọ sí kíláàsì. Wọ́n ní àwọn ọmọ kò mọ ìyàtọ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ìtọ́jú parí, wọ́n wọlé wá bá mi pẹ̀lú irun tiwọn, kúkúrú, rírọ̀, bí ti ọmọ jòjòló. Wọ́n gbé wíìgì náà lé tábìlì mi. Wọ́n ní, "Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún ẹni tó kàn." Ẹni kẹta ló ń dé e lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n wá bẹ̀ yín, nítorí èyí ni mo ṣe dìde. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irun dídì kọ́ ọmọ yín pé ẹwà gbọ́dọ̀ dun ni. Ṣùkú, pátẹ́wọ́, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ṣeé dì láìfa awọ. Bí ìrorẹ́ bá yọ sí etí irun, ẹ tú u lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi rílásà àti dídì papọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí irun bá ti ń re, yálà níwájú tàbí ní àárín orí, ẹ lọ rí dókítà awọ ara kí ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí dán. Ẹ má ra ìpara tí kò lórúkọ. Ẹ má fi ìyá ọkọ yín ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ sì má gbé owó fún ẹni tí kò tíì wo orí yín.

Ẹ̀yin onídìrí ẹlẹgbẹ́ mi ní Toll Gate, ní abẹ́ bíríìjì, ní Jojú àti Ojú-Ọ̀rẹ́, n kò bá yín wí. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Mo pàdánù àwọn oníbàárà kan nígbà tí mo kọ̀ láti fà á, wọ́n ní ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ti padà wá, wọ́n sì mú ọmọ wọn dání. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà, lọ́wọ́ dókítà tí kò tàn mí, lọ́wọ́ ọkọ mi, lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, lọ́wọ́ ọmọ mi tó la ojú mi. Nínú ìsìn Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n ní kí oníkálukú gbé ọwọ́ lé orí. Mo tẹ ọwọ́ mi méjèèjì mọ́ orí mi, mo sì gbàdúrà fún un.

Ìwọ tó o máa jókòó síwájú onídìrí lọ́la, bó bá dùn ọ́, sọ fún un. Ìwọ tí orí ẹlòmíràn wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ, bó bá sọ fún ọ, dẹ̀ ẹ́.